Èènì Oníbàárà Dà?

Ní ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ àti ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú, èènì oníbàárà a máa pọ̀ ju ti àlejò lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti yí àṣà yìí po: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra síìmù ni wọ́n sábà ń fún ní ẹ̀bùn. Nígbà tí àjọ NCC yọ̀ǹda ní oṣù kìíní ọdún 2025 kí wọ́n fi kún owó wọn dé ìdajì, oníbàárà kò rí ẹni bá nájà.

Síbẹ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn sí ìsọ̀ ni ọlọ́jà ń pè padà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni a ti lè gbé nọ́ńbà wa lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Kí a tó san owó, ẹ jẹ́ kí a fi iye dátà wé iye ọjọ́ tí yóò lò. Bí wọn kò bá ka oníbàárà sí, ẹ jẹ́ kí a kẹ́yìn sí wọn.