Awójọbí àti Innoson: ìmọ̀ nìkan kò tó

Ọ̀pọ̀ àgbà yóò rántí ọdún 1972, nígbà tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kó máa gba apá ọ̀tún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó, fúnra rẹ̀ gbé sítíárìn ọkọ̀ Opel rẹ̀ láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Ó tún sọ jíìpù ológun di ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́ síwájú àti sẹ́yìn, ó pè é ní Autonov 1. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú ní ọdún 1984, lẹ́ni ọdún 47, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é tà.

Ọ̀nà tí Innocent Chukwuma gbà yàtọ̀. Ọjà ẹ̀yà ara alùpùpù ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Nnewi. Ó rí i pé bí wọ́n bá tú alùpùpù kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀ǹténà, púpọ̀ sí i ni yóò gbà, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Òwò yìí ló ṣínà fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Innoson, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ní ọdún 2010.

Ìmọ̀ tí kò rí owó àti ọjà kì í di ilé iṣẹ́. Oníṣòwò tí kò sì ní onímọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yà tí àwọn ará òkèèrè ṣe ni yóò máa tò títí. Ó yẹ kí ìjọba so àwọn méjèèjì pọ̀, kí ó sì máa ra ohun tí wọ́n bá ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.