Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Onífọ́tò Kútọnù!

Ẹ̀yin onífọ́tò Kútọnù, láti Ganhi títí dé Akpakpa, kámẹ́rà kékeré tí ẹ ń fi kọ́rùn pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025!

Oṣù Kẹta ọdún 1925 ni ilé iṣẹ́ Leitz pàtẹ Leica níbi ọjà ńlá Leipzig ní Jámánì. Oskar Barnack ló ṣe é. Mímí máa ń ni í lára, ẹrù kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn sì ń tán an lókun. Ló bá mú fíìmù sinimá, ó fi ṣe kámẹ́rà tó wọ àpò. Àìlera ẹnì kan, ìtura gbogbo wa!

Ṣé ẹ rí i, ní 1930, Frédéric Gadmer bá Fáàdà Francis Aupiais wá sí Dahomey níhìn-ín, owó Albert Kahn ni wọ́n ná. Àwọ̀ fọ́tò Gadmer dùn-ún wò, àmọ́ orí gíláàsì ló ń yà á, kì í ṣe orí fíìmù: ẹni tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Kútọnù wo ló fẹ́ dúró? Àwọn zémidjan, ọlọ́kadà ẹlẹ́wù yẹ́lò yìí?

Ní 1936 ni Pierre Verger, onífọ́tò ará Faransé, kọ́kọ́ dé, tòun ti kámẹ́rà Rolleiflex rẹ̀. Wọn kì í gbé ìyẹn sójú. Àyà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á tẹrí ba wo inú rẹ̀ bí ọmọ tó ń kí àgbà. Lójú tèmi, ìtẹríba yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ara tu àwọn tó ń yà. Nígbà tó di 1953, ó tẹfá ní Kétu, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ẹni tó wá ya wá ló di ara wa!

Ẹ bá wa kí àwọn onífọ́tò Àjàṣẹ́ náà: Joseph Moïse Agbodjelou (1912–2000), àti Léonce Raphaël ọmọ rẹ̀ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Fondation Zinsou, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú pé ogún ọdún ní 2025, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé síbẹ̀. Ayọ̀ di méjì!

Ìjọba ti ń kó ọjà Dantokpa kúrò létí ọ̀sà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè dé ìdí àwọn aláṣọ, ìdí alátà, ìdí aláfọ̀ṣẹ. Ẹ yà á, kó tó tú tán. Kí fíìmù má tán nínú kámẹ́rà yín o!