Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Rin Inú Igbó

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, èmi àti aya mi mú àwọn ọmọ-ọmọ wa méjì rin inú igbó kékeré kan tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìlú Mowe. A kò tíì rìn jìnnà tí èyí ẹ̀gbọ́n fi dúró ní ìdí igi ńlá kan, tí ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé óòkù nìyí?" Ìrókò ni! Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí a bí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ igi àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé, kò sì mọ èyí tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ojú tì mí, nítorí pé àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni a fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí aya mi fi ewé eéran hàn wọ́n, ẹnu ya àbúrò: ọjà ni ó rò pé ewé mọ́ínmọ́ín ti ń wá. Lẹ́yìn èyí wọn kò jẹ́ kí a sinmi mọ́. Wọ́n ń bèèrè orúkọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí, títí dé orí àdàbà tí ń ké lókè.

Ẹni tí ó ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lónìí kò lè mọ̀ bí ibẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀. Ní 1978 ni a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọ Redeemed gba ilẹ̀ Àgọ́ Ìràpadà ní 1983, igbó kìjikìji ni wọ́n bá; ìlú ńlá ni ó dà nísinsìnyí. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí, ènìyàn kò sáà lè sùn sórí igi. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo plọ́ọ̀tì tí à ń gé láti Ibafo dé Mowe, mélòó ni a fi sílẹ̀ fún igi?

Àwọn baba wa fi sílẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó tó hẹ́kítà 75, dúró títí di òní. Àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ìbẹ̀rù òrìṣà ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ irú igbó bẹ́ẹ̀. Oníwàásù ni mí, n kò sì kábàámọ̀ pé a mú ìbẹ̀rù náà kúrò. Ohun tí ó dùn mí ni pé a kò fi olùṣọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Òrìṣà jáde, ayùn wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ọgbà ni Ọlọ́run fi Ádámù sí, kì í ṣe inú ọjà.

Ẹni tí ó bá lówó ọkọ̀ lè mú ẹbí rẹ̀ dé ọgbà Lẹ́kkí, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, kí àwọn ọmọ rí ọ̀bọ, kí wọ́n sì gun afárá orí igi rẹ̀ tí ó gùn ní mítà 401. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n igbó tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè gbé e dé ni à ń wí. Kí àwọn baálẹ̀ àti ẹbí onílẹ̀ Mowe, Ibafo àti Ifo ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé dè é kí ẹnikẹ́ni má lè tà á.

Igbó tí a rìn yìí pàápàá, àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti ri òpó símẹ́ǹtì wọn mọ́ inú rẹ̀. Ọ̀kan kò jìnnà sí ìrókò náà. Ẹ má ṣe fi í sí ọdún tí ń bọ̀.