Kì í ṣe Yorùbá ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláùsá, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa lò láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé níbi tí wọ́n ti gba èdè abínibí mọ́ra jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà yìí, ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sì wà fún. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún náà kò tíì jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mínísítà ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe WAEC ní 2025 ti wọlé ní nǹkan bí ọdún méjìlá ṣáájú. Báwo ni oògùn tí aláìsàn kò tíì fẹnu kàn ṣe wá di ohun tó pa á? Lóòótọ́, ìlànà àtijọ́ fàyè gba èdè àdúgbò fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé orí ìwé ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ìṣirò ni o, sáyẹ́ǹsì ni o, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò pa Gẹ̀ẹ́sì tì: olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ni wọ́n yàn láti máa kọ́ wọn. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ yìí wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ló fakọ yọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi Yorùbá rán lọ sọ́jà, tó ka ṣéńjì bọ̀ wálé láìṣì, ti mọ ìyọkúrò. Ṣùgbọ́n kó dé kíláàsì, kí olùkọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò dá múṣémúṣé máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun kan náà fún un, yóò kàn há a sórí ni. Kò ní mọ ìṣirò, kò sì ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mi ò bá òbí tó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì jà. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ Yorùbá sọ ọ́ kó já gaara. Àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń fi Yorùbá àti Faransé ṣe ayé wọn. Orí ọmọ gba èdè méjì, ó gba mẹ́ta.

Èkó ti ṣòfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Ó dára, àmọ́ iṣẹ́ kan lásán nìyẹn láàárín iṣẹ́ púpọ̀. Ẹ̀yin gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀ oòrùn gúúsù, ẹ mú ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìwé àti olùkọ́ tó péye, kí ẹ sì gbé èsì rẹ̀ síwájú mínísítà.