Bọ́ọ̀lù Tí Kò Wọlé Náà Yẹ Ní Kíkà

Bí eré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bá parí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn ni pé: ta ló jù ú wọlé jù? Ọmọ tó dúró sábẹ́ àwọ̀n, tí kò jẹ́ kí alátakò ráyè, kì í sábà sẹ́ni tó rántí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ìṣirò bá ti fì sápá kan, yíyan ọmọ tí yóò tẹ̀ síwájú náà yóò fì síbẹ̀ ni.

Ẹ wo Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí l'Ékòó lọ́dún 1963. Lọ́dún 1993 àti 1994, òun ni wọ́n dárúkọ pé ó mọ ilé ṣọ́ jù nínú ìdíje NBA l'Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù 3,830 ló gbá dànù mọ́ àwọn tó fẹ́ jù ú sáwọ̀n lọ́wọ́, kò sì tíì sẹ́ni tó kà ju ìyẹn lọ. Àmọ́ àkọsílẹ̀ yẹn náà kò pé. Ọdún 1973 ni NBA tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀. Bill Russell, tó gba ife-ẹ̀yẹ 11 pẹ̀lú ẹgbẹ́ Boston, ti fẹ̀yìn tì lọ́dún 1969. Gbogbo èyí tóun gbá dànù, ẹyọ kan kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀yin ọlọ́jà Arzèkè mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru, ṣé iye olè tó mú nìkan lẹ fi ń mọ iṣẹ́ ẹ̀? Olè tó gbúròó ẹ̀ tó gba ibòmíì lọ ńkọ́? Alátakò tó rí olùṣọ́ tó sì dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, tàbí tó fi ìbẹ̀rù jù ú síta, kò sí nínú iye tí wọ́n gbá dànù. NBA gbé kámẹ́rà sí gbogbo pápá wọn lọ́dún 2013, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè mọ mélòó ló ń wọlé nígbà tí olùṣọ́ bá wà nítòsí. Ian Mahinmi, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Benin wa níbí, kì í ṣe ọ̀gá nínú jíjù ú wọlé, síbẹ̀ ó gba ife-ẹ̀yẹ NBA pẹ̀lú Dallas lọ́dún 2011.

Parakou kò nílò kámẹ́rà láti bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ni fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó jókòó ní ìwé àti bírò. Kó pín ojú ìwé sí méjì: ìgbà tí olùṣọ́ wa wà lórí pápá, àti ìgbà tó wà níta. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí alátakò bá jù lábẹ́ àwọ̀n, kó fa ìlà kan. Èyí tó bá wọlé, kó yí i po. Ká ní nínú 20, 8 ló wọlé nígbà tó wà níbẹ̀, tí 13 sì wọlé nínú 20 nígbà tó jókòó. Bọ́ọ̀lù márùn-ún nìyẹn, àmì 10, bí òun fúnra ẹ̀ kò tilẹ̀ ju ẹyọ kan wọlé. Kí wọ́n ka fóòlù mọ́ ọn o, nítorí ẹni tó ń lu alátakò lọ́wọ́ ń fi àmì ọ̀fẹ́ tọrẹ ni. Eré kan ṣoṣo kò sì tó. Ẹgbẹ́ tí ò mọ̀ ọ́n jù lè sọ ẹnikẹ́ni di akọni.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní ọmọ yín kò jù ú wọlé tó, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé abẹ́ àwọ̀n wá kẹ́ẹ wò ó.