Kí Ẹ Tó Dá Ẹ́ńjìnì Lẹ́bi

  Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan. Ta ni ọjà ń ṣú mọ́ lọ́wọ́ bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dìde ní kùtùkùtù? Bí owó ilé-ìwé ọmọ bá di owó mẹkáníìkì, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nínú ìkòkò ọbẹ̀? Nítorí náà, kí tọkọtaya jọ ka èyí.

Ọkọ̀ àtijọ́ tí ń mu díísù ni à ń wí. Ẹ jẹ́ kí á fi Mercedes 240D àti 300D ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1976 tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1986. Àìsàn rẹ̀ máa ń rí báyìí: ní òwúrọ̀, bátìrì le, kíkì-sítátà ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò gbà. Èéfín funfun yóò máa yọ lẹ́yìn ọkọ̀. Epo tí kò rí iná jó ni. Nígbà tí ó bá gbà tán, yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, títí di alẹ́ kò sì ní yọni lẹ́nu mọ́. Ẹlòmíràn yóò sọ pé pọ́ńpù ti kú. Ẹlòmíràn yóò ní ẹ́ńjìnì ti rẹ̀, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ lè jẹ́ ọ̀daràn náà. Hítà pílọ́ọ̀gì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ́ńjìnì tí ń mu pẹtiróòlù ní pílọ́ọ̀gì tí ń ta iná sí epo. Ti díísù kò ní. Ọ̀gbẹ́ni Rudolf Diesel, ará Jámánì, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú ní 1897, lo ọgbọ́n mìíràn: ó ní kí a fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gidigidi, ooru rẹ̀ yóò sì tó láti dá epo níná. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ bí ìdí pọ́ńpù náà ṣe ń gbóná. Ohun kan náà ni. Nínú ẹ́ńjìnì 240D, afẹ́fẹ́ ni a ń fún mọ́ra títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú ogún. Ṣùgbọ́n bí irin ẹ́ńjìnì bá ti sun tútù mọ́jú, yóò fa ooru náà mu. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ yìí tún ní yàrá kékeré kan tí epo ti kọ́kọ́ ń jó, ògiri irin ni ó sì yí i ká. Ibẹ̀ ni orí hítà pílọ́ọ̀gì wọ̀. Iná bátìrì á mú un pọ́n bí ẹ̀yin iná, ooru rẹ̀ sì lè kọjá 800 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ísíọ́ọ̀sì. Mẹ́rin ni ó wà nínú 240D, márùn-ún nínú 300D. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ilẹ̀ wa kò tutù. Irú ẹ́ńjìnì yìí ń fẹ́ ìgbóná yìí ní òwúrọ̀ ilẹ̀ olóoru pàápàá, ká má tíì sọ ti ìgbà ọyẹ́.

Nísinsìnyí, bí a ṣe ń dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, iná kékeré kan yóò tàn. Ẹ dúró kí ó kú kí ẹ tó sítáàtì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní sùúrù yìí, wọ́n á sì máa bú ọkọ̀. Bí iná náà kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé pílọ́ọ̀gì kan tàbí fíúsì rẹ̀ ti kú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ tú wáyà kúrò lórí gbogbo hítà pílọ́ọ̀gì náà. Ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀, nítorí bí wáyà bá so wọ́n pọ̀, èyí tí ó yè yóò máa jẹ́rìí èké fún èyí tí ó kú. Ẹ mú gílóòbù ọkọ̀ kékeré tí a fi wáyà méjì sí. Ẹ so wáyà kan mọ́ orí bátìrì tí ó ní àmì ìròpọ̀, kí ẹ fi ìkejì kan orí pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù bá tàn fún, okùn inú rẹ̀ kò tíì já. Èyí tí kò bá tàn fún ti kú. Bí rewáyà bá ní mítà, yóò tún dára jù: èyí tí ó sàn kì í sábà ju nǹkan bí óòmù kan lọ, èyí tí ó kú kò ní jẹ́ kí mítà mira. Bí ọ̀kan bá sì yàtọ̀ gédégédé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fura sí i.

Àwọn 240D tí ó ṣáájú ní tiwọn lọ́tọ̀. Wọ́n so pílọ́ọ̀gì wọn kọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn á tutù. Ní ti èyí, ẹ má tú wáyà. Ẹ so apá kan gílóòbù mọ́ irin ẹ́ńjìnì, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kí ẹ fi apá kejì kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibi tí iná ti ń wọlé. Ibi tí gílóòbù bá ti kọ̀ láti tàn, èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni ó já.

Bí gbogbo wọn bá yè, ẹ wò ó bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Fíúsì wọn, irin pẹlẹbẹ kan nínú àpótí rílè, lè là láìjẹ́ pé ojú tètè rí i.

Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má gbóná jù. Ẹ tú orí bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ nu ẹnu ihò mọ́, kí iyanrìn má bọ́ sínú ẹ́ńjìnì. Bí pílọ́ọ̀gì bá le, ẹ kán epo tí ń tú ìpẹtà sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi agbára bá a jà. Bí ó bá dá sínú ihò, ó lè di pé a óò gbé orí ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ohun tí owó rẹ̀ kéré á wá di gbèsè. Kí mẹkáníìkì ha èédú inú ihò náà kúrò. Kí ó fi ọwọ́ dá tuntun sínú kí ó tó mú sípánà. Kí gbogbo wọn jẹ́ irú kan náà, kí fólítì wọn sì bá ti ọkọ̀ yín mu. Ẹ fi mítà wọn wọ́n kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀ olówò, torí ayédèrú pọ̀. Bí orí àwọn àtijọ́ bá ti jó tàbí tí ó wú, ẹ ní kí wọ́n yẹ nọ́sù tí ń fọ́n epo àti rílè wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn tuntun náà kò ní pẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àwọn kan máa ń da pẹtiróòlù, tàbí kí wọ́n fọ́n oògùn ìsítáàtì, sí ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí. Pẹ̀lú hítà pílọ́ọ̀gì tí ó ti pọ́n, ìbúgbàù ni èyí lè fà. Ó lè fọ́ písítìn, ó sì lè jó ojú ènìyàn. Kí àwọn ọmọ má sún mọ́ ibẹ̀.

A kò sọ pé pọ́ńpù kì í bàjẹ́, tàbí pé ẹ́ńjìnì kì í gbó. Bí hítà pílọ́ọ̀gì bá yè tí iná sì ń dé ibẹ̀, tí ọkọ̀ ṣì ń kọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fáàfù àti ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kí a ti orí ohun tí owó rẹ̀ kéré bẹ̀rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ẹ tó san owó pọ́ńpù, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi gílóòbù dán pílọ́ọ̀gì wò lójú yín. Mẹkáníìkì olóòótọ́ kò ní bínú sí i.