Ilẹ̀ Ìlú Kì í Ṣe Owó Ọwọ́

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ìjà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Nígbàkúùgbà tí ìgbìmọ̀ ìlú bá jókòó, ohun mẹ́ta ni ó sábà ń wà níwájú wọn: ilẹ̀, owó, àti iṣẹ́ tí ará ìlú ń fẹ́. A máa ń jíròrò wọn bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan rárá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Bí àpò ìlú bá gbẹ, tí àwọn ènìyàn sì ń kígbe pé àgbàrá ń wọ ilé àwọn, kì í pẹ́ tí ojú yóò fi lọ sí igbó tí ó kù lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan yóò dìde, yóò ní: “Ẹ jẹ́ kí a gé pulọ́ọ̀tì díẹ̀ tà.” Ọ̀rọ̀ náà a máa dùn létí, nítorí pé owó rẹ̀ yá. Èmi lòdì sí i pátápátá.

Ta ni kò mọ̀ pé ilé Ìjẹ̀bú àti ilé Ọ̀wọ̀ ti so kọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò fi lè mọ ibi tí ti èkíní parí sí? Igi tí ó ṣẹ́kù ni ó ń di erùpẹ̀ mú nígbà òjò. Bí a bá gé igi náà, tí a sì kọ́lé dé etí odò, àgbàrá tí a ń sunkún rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, gọ́tà tí a fi owó ilẹ̀ ṣe kò sì ní gbà á mọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Òfin Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro. Apá 36 òfin náà gbà kí ẹni tí ilẹ̀ oko wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òfin tó dé máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gé e sí pulọ́ọ̀tì, kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni a ń ṣe bí ẹni pé apá yìí kò sí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ń jẹun níbẹ̀, lọ́yà náà ń jẹun. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi èrè ọjà ra ilẹ̀ ni ìyà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ. Bí ọ̀ràn bá dé kóòtù, ìwé tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí lè má gbà yín.

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ. Àlejò tí ó bá fẹ́ dá oko kòkó, wọn a fún un nílẹ̀, òun a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Àlejò jẹun, ilẹ̀ kò sì kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ gba ìyọ̀ǹda ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n gbin igi tíìkì sí ilẹ̀ ìlú, kí àwọn ọ̀dọ́ sì máa gbin iṣu àti àgbàdo sí àárín rẹ̀ nígbà tí igi ṣì kéré, bí a ti ń ṣe é nínú igbó ọba láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Wọn yóò bi mí pé níbo ni owó gọ́tà yóò ti wá kí igi tó dàgbà. Ìdáwó ni. Ẹ má bínú. Ní ọdún 1953, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní kí olúkúlùkù asanwó-orí san ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo sọ, ìbínú náà sì wà lára ohun tí ó mú kí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fìdí rẹmi nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ wọ ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ àgbègbè Ọ̀wọ̀ láyé ìgbà náà, ni ó kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ náà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ráhùn sanwó, wọ́n sì rí ohun tí owó wọn ṣe.

Gọ́tà àti òpópónà pàápàá, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni nínú ìwé òfin ọdún 1999, gẹ́gẹ́ bí ọjà àti ibùdókọ̀ ti jẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, kí ó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ìdájọ́ kò ya gọ́tà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀, kí wọ́n béèrè ohun tí ó tọ́ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí a tó dá kọ́bọ̀ lé ohun tí ó bá kù.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò dáwó bí kò bá rí ìwé? Mo ti jẹ́ akọ̀wé nínú ẹgbẹ́ kan rí, níbi tí akápò ka ìṣirò ọdún sí wa létí. Sìmẹ́ǹtì ní iye tirẹ̀, irin ní iye tirẹ̀, ṣùgbọ́n “oríṣiríṣi” ju sìmẹ́ǹtì lọ. A wo ara wa, a pàtẹ́wọ́, a lọ jẹun. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, ìdajì àwa tí ó wà níbẹ̀ kò san owó ẹgbẹ́ mọ́. Èmi náà wà lára wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni mo kọ “oríṣiríṣi” náà sínú ìwé.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ya àwòrán ilẹ̀ ìlú tí ó kù, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, kí wọ́n sì ka ìwé owó ní gbangba ní ìgbà méjì lọ́dún, láìsí “oríṣiríṣi” nínú rẹ̀. Kí wọ́n fi ìpàdé náà sí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, kì í ṣe àárọ̀, kí àwọn tí ń ti Àkúrẹ́ àti Benin bọ̀ lè bá a.